Ṣé O Mọ̀? Àwọn Tó Fi Ojú, Ẹnu àti Orúkọ Wọn Ta Ọkọ̀

Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Mile 2, tó kọjá Mazamaza àti Géètì Kejì Festac, tó sì forí lé Àgbojú àti Alákijà, yóò rí i pé òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí. Ọkọ̀ ló gba gbogbo agbègbè Amúwò-Ọ̀dọ́fin kan: èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní èbúté Tin Can, tòkunbọ̀ tí wọ́n tò kalẹ̀ fún títà ní Berger, páàtì tó kún ṣọ́ọ̀bù ní Trade Fair.

Lẹ́yìn ilé, kò sí ohun tó ń gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé tó ọkọ̀. Ó yẹ ká mọ ẹni tó ń pè wá wá rà á. Ta ni? Kí ló so ó pọ̀ mọ́ ọkọ̀ náà? Bí ọkọ̀ náà bá já wa kulẹ̀, kí ni òun fúnra rẹ̀ yóò pàdánù? Fi ìbéèrè mẹ́ta yìí sọ́kàn bí o ti ń kà á lọ.

ÀWỌN TÓ KỌ́KỌ́ JÁDE

Ṣé o mọ̀ pé ìyàwó ilé kan ló ṣe ìpolówó ọkọ̀ tó kọ́kọ́ lókìkí láyé? Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1888, Bertha Benz jí ní kùtùkùtù, ó gbé ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ọkọ rẹ̀, Karl Benz, ṣe, kò sì sọ fún un. Ó kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, Eugen àti Richard, dání, ó di Pforzheim láti Mannheim, nílẹ̀ Jámánì. Ìrìn náà tó nǹkan bí 106 kìlómítà. Ilé epo kò tíì sí láyé, nítorí náà ilé oògùn kan ní Wiesloch ló ti ra ohun tó dà sínú ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ọ̀nà epo dí, ohun tí wọ́n fi ń gún fìlà mọ́rí ló fi là á. Nígbà tí bíréèkì ń jẹ tán, ó ní kí aránbàtà fi awọ bò ó. Àwọn tí kò gbà pé ohun tí ẹṣin kò fà lè rìnnà jìnnà fi ojú ara wọn rí i, ìròyìn sì tàn káàkiri. Bertha kò fẹnu lásán sọ pé ọkọ̀ náà dára. Òun àti ọmọ rẹ̀ ló jókòó sínú rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé Henry Ford náà fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣe ìpolówó? Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 1904, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Ford Motor Company kò tíì pé ọdún kan, ó wa ọkọ̀ lórí adágún St. Clair tó ti di yìnyín. Eré náà lé ní 91 máìlì ní wákàtí kan. Kò sí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kankan tó tíì sá tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e, orúkọ Ford sì wọ etí àwọn tó lówó lọ́wọ́.

Ṣé o mọ̀ pé orúkọ ọmọdébìnrin kan ni Mercedes? Bàbá rẹ̀, Emil Jellinek, jẹ́ oníṣòwò tó ń ra ọkọ̀ Daimler fún àwọn olówó ìlú Nice. Ó ní kí wọ́n fi orúkọ ọmọ òun pe ọkọ̀ tuntun tí òun ní kí wọ́n ṣe. Nígbà tí àkọ́kọ́ nínú wọn jáde ní ìparí ọdún 1900, Mercédès kò tíì ju ọmọ ọdún 11 lọ. Ní 1902 ni wọ́n fi orúkọ náà sábẹ́ òfin. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń fi V-Boot ṣe fújà láyé àtijọ́, orúkọ ọmọ olóòwò kan ni wọ́n ń gbé kiri.

NÍTÒSÍ FESTAC

Ṣé o mọ̀ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni ọmọ Yorùbá ti ń kó ọkọ̀ wọ Èkó fún títà? W. A. Dawodu wà lára àwọn aṣáájú. Ó ta kẹ̀kẹ́, ó ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ó sì ń tún wọn ṣe. Orúkọ tirẹ̀ gan-an ló fi dá òwò náà sílẹ̀, nítorí náà ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá dákú mọ ilé ẹni tí yóò lọ.

Ṣé o mọ̀ ìdí tí wọ́n fi ń pe ibùdókọ̀ kan lójú ọ̀nà Badagry ní Volkswagen? Ilé-iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria ló wà níbẹ̀ nígbà kan rí, ní Ọ̀jọ́, tí kò jìnnà sí Festac. Oṣù Kẹta ọdún 1975 ni ọkọ̀ Ìjàpá (Beetle) àkọ́kọ́ tí wọ́n tò níbẹ̀ jáde. Oṣù yẹn kan náà ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná. Ilé-iṣẹ́ Ọ̀jọ́ tún to ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Igala. Brasilia ni orúkọ rẹ̀ ní Bràsíl tó ti wá. Kò tíì pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tí àlejò láti gbogbo ayé aláwọ̀ dúdú dé sí Festac, fún àjọ̀dún tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1977.

Ṣé o mọ̀ ẹni tó jẹ́ agbẹnusọ Peugeot 504 ní Nàìjíríà? Àwọn ọ̀gá ìjọba ni. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá rí kọmíṣánnà, adájọ́ àti ọ̀gá ológun nínú 504 lójoojúmọ́ kò tún ń retí kí olórin wá kọrin rẹ̀ fún òun. Agbẹnusọ kejì ni àwọn awakọ̀ ìdíje. Peugeot 404 gba ife Safari Rally ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1963, 1966, 1967 àti 1968. 504 gba tirẹ̀ ní 1975 àti 1978. Erùpẹ̀, ẹrẹ̀ àti kòtò ni wọ́n fi dán an wò, àwa náà sì mọ erùpẹ̀, ẹrẹ̀ àti kòtò.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn ìpolówó tó gbayì jù fún Ìjàpá kò lo gbajúmọ̀ kankan? Ní 1960, ilé-iṣẹ́ apolówó Doyle Dane Bernbach ní New York gbé àwòrán ọkọ̀ náà jáde, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọkọ̀ tó lábùkù nìyí. Ẹni tí wọ́n dárúkọ nínú rẹ̀ ni Kurt Kroner, ọ̀kan nínú àwọn olùyẹ̀wò ní Wolfsburg. Òun ló rí àbààwọ́n kékeré lára irin dídán tó wà níbi àpótí iwájú, ó sì ní ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Ìpolówó náà ní èèyàn 3,389 ló ń ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí kò gba ìgbàkugbà ni wọ́n fi hàn wá, àwọn oníbàárà sì gbà wọ́n gbọ́.

OJÚ TÍ WỌ́N FI OWÓ HÁYÀ

Ṣé o mọ̀ pé awọ Kọ́ríńtì kan wà tí kò dé Kọ́ríńtì rí? Ní 1975, Chrysler ní kí òṣèré fíìmù Ricardo Montalbán, ọmọ Mẹ́síkò tí ohùn rẹ̀ dùn gbọ́, polówó ọkọ̀ Cordoba. Ó fi ohùn dídùn náà yin awọ Kọ́ríńtì tó wà lára ìjókòó rẹ̀. Àwọn tó mọ ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí ará Kọ́ríńtì lè rò pé láti ilẹ̀ Gíríìkì ni. Àwọn apolówó ọjà ló hun orúkọ náà. New Jersey ní Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú awọ ọ̀hún ti wá. Montalbán fúnra rẹ̀ gbà lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà tó yá pé ọ̀rọ̀ náà kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ọkọ̀ náà tà. Ṣùgbọ́n ohùn lásán ni àwọn èèyàn rà.

Ṣé o mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ yẹn kan náà ló wá kọ́ ayé bí ọ̀gá ṣe ń fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́? Lee Iacocca dé Chrysler ní 1978, lẹ́yìn tí Ford lé e lọ. Gbèsè ti fẹ́ bo Chrysler mọ́lẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà ṣe onídùúró fún wọn kí wọ́n lè yá owó tó tó 1.5 bílíọ̀nù dọ́là. Iacocca gé owó oṣù ara rẹ̀ sí dọ́là kan ṣoṣo lọ́dún, ó sì jáde sórí tẹlifíṣọ̀n. Ó wo ojú oníbàárà, ó ní bí wọ́n bá rí ọkọ̀ tó sàn ju tòun lọ, kí wọ́n lọ rà á. Ní 1983, Chrysler san gbogbo owó náà padà, ọdún méje ṣáájú àkókò tí wọ́n dá. Bí ọkọ̀ Chrysler bá bàjẹ́ lójú títì nígbà yẹn, gbogbo ayé mọ ẹni tí wọn yóò bi léèrè. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo.

Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọ̀gá ló rí i bá bẹ́ẹ̀? Ní 2006, Chrysler gbé Dieter Zetsche, ọmọ Jámánì tó jẹ́ olórí DaimlerChrysler, jáde pẹ̀lú irunmú funfun rẹ̀ láti dáhùn ìbéèrè lórí tẹlifíṣọ̀n. Láàárín oṣù díẹ̀, wọ́n ti ká ìpolówó náà nílẹ̀, nítorí ọjà kò yá. Nígbà tó fi máa di 2007, Daimler ti ta Chrysler.

Ṣé o mọ̀ pé Tiger Woods, ọ̀gá àwọn agbá gọ́ọ̀fù, polówó Buick láti 1999 títí dé òpin 2008? Buick fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ yéé wo ọkọ̀ wọn bí ọkọ̀ àwọn arúgbó. Nígbà tí ọwọ́ General Motors kò ká owó mọ́, wọ́n fòpin sí i nígbà tó ku ọdún kan kí àdéhùn náà pé.

Ṣé o mọ̀ pé Thierry Henry, tó gbá bọ́ọ̀lù pọ̀ pẹ̀lú Kanu Nwankwo wa ní Arsenal, polówó Renault Clio ní Bìrìtìkó láti 2002? Ó bá a mu: ọkọ̀ kékeré tó yára, agbábọ́ọ̀lù tó yára, ọmọ Faransé tó ń ta ọjà Faransé.

Ṣé o mọ̀ pé aṣọ Manchester United polówó ọkọ̀ tí àwọn ará England kò fi bẹ́ẹ̀ rí rà? Láti 2014 títí dé 2021 ni orúkọ Chevrolet wà láyà àwọn agbábọ́ọ̀lù náà. Àdéhùn náà lé ní 550 mílíọ̀nù dọ́là. Joel Ewanick, ọ̀gá tó ń bójú tó ìpolówó fún General Motors, pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà ní 2012, kí aṣọ tó jáde rárá. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejìlá ọdún 2013, General Motors ti kéde pé òun yóò kó púpọ̀ nínú ọkọ̀ Chevrolet kúrò ní Yúróòpù. Síbẹ̀, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní Festac rí orúkọ náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún méje. Owó ńlá lè ra ojú wa. Kò lè dípò ọkọ̀ tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó àti ẹni tí yóò tún un ṣe.

ỌMỌ WA LÓKÈÈRÈ

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Ṣágámù ti ṣe aṣojú fún Jaguar àti Land Rover? Anthony Oluwafẹ́mi Joshua ni, ẹni tí wọ́n bí ní Watford, tó lo àkókò díẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́ nígbà tó wà lọ́mọdé, tó sì gba góòlù ní ìdíje Òlíńpíìkì London ní 2012. Jaguar Land Rover rí i pé agbára rẹ̀ àti ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ yóò bá ọkọ̀ wọn lọ.

Ṣé o mọ̀ pé orúkọ Adétòkunbọ̀ ti wà lára àmì-ẹ̀yẹ tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀? Giannis Antetokounmpo, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, gba ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ ní NBA fún sáà 2018/19 àti 2019/20. Kia ni orúkọ tó ṣáájú ẹ̀bùn náà. Kia yìí náà ni Blake Griffin, òun náà agbábọ́ọ̀lù NBA, fi ọkọ̀ rẹ̀ dárà ní 2011, nígbà tó fò kọjá iwájú Optima kan láti sọ bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n. Ní 2004 sì ni Rafael Nadal, agbá tẹníìsì, bẹ̀rẹ̀ sí í bá Kia ṣiṣẹ́, ó sì bá wọn pẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ mọ iyì kí a bá ara ẹni pẹ́.

ORÚKỌ LÁRA ILÉ ÌTAJÀ

Ṣé o mọ̀ pé orúkọ tọkọtaya wà nínú Elizade? Olóyè Michael Adé Òjó, ọmọ Ìlárá-Mọ̀kín ní Ìpínlẹ̀ Òndó, dá a sílẹ̀ ní 1971. Elizabeth ìyàwó rẹ̀ àti Adé tirẹ̀ ló so pọ̀. Òun ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kọ́kọ́ ń rántí bí a bá dárúkọ Toyota tuntun. Ní 2012 ó tún fi orúkọ yẹn kan náà dá yunifásítì sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀. Ẹni tó gbé orúkọ ìyàwó rẹ̀ kọ́ ara ògiri ilé ìtajà ti fi ilé ara rẹ̀ ṣe onídùúró.

Ṣé o mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ náà ni Coscharis? Cosmas Maduka so orúkọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Charity, ìyàwó rẹ̀. Ọmọṣẹ́ ni lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tó ń ta páàtì, ₦200 sì ni wọ́n fi tú u sílẹ̀. Ó di ẹni tó ń ta BMW, Ford àti Range Rover. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìtàn yìí káàkiri, ìtàn náà sì ti polówó ju pátákó lọ.

Ṣé o mọ̀ pé alùpùpù àti páàtì rẹ̀ ni Innocent Chukwuma ń tà ní Nnewi kó tó di ẹni tó ń ṣe ọkọ̀ Innoson? Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan ṣí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Laycon, ọmọ Yorùbá tó kàwé ní Yunifásítì Èkó, gba ipò kìíní ní Big Brother Naija ní 2020, jíìpù Innoson wà lára ẹ̀bùn rẹ̀. Mílíọ̀nù ojú ló rí ọkọ̀ náà lọ́wọ́ ọmọ tí wọ́n fúnra wọn dìbò fún.

Ronú sí èyí dáadáa. Méjì nínú àwọn tó di gbajúgbajà agbẹnusọ ọkọ̀ tuntun ní Nàìjíríà, ìdí páàtì ni wọ́n ti gòkè. Ìyẹn ni iṣẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń kọ́ lónìí ní ASPAMDA, ọjà páàtì ńlá tó wà ní Trade Fair. Ẹni tó ti ta páàtì mọ ibi tí ọkọ̀ ti ń ṣàìsàn, ó mọ èyí tó ń pẹ́ àti èyí tí kì í pẹ́. Ìmọ̀ yẹn kò sí lẹ́nu olórin, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ dùn tó.

Ṣé o mọ̀ pé G.U.O. tó wà lára bọ́ọ̀sì tí à ń wọ̀ ní Mazamaza lọ sí Ìlà-Oòrùn, lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ Godwin Ubaka Okeke tó dá a sílẹ̀ ni?

Ṣé o mọ̀ pé olùdásílẹ̀ ìjọ ló wà nídìí ọkọ̀ Kantanka ní Gánà? Kwadwo Safo, tó dá ìjọ Kristo Asafo sílẹ̀, ló pilẹ̀ rẹ̀. L'Ékòó tiwa, Olúwatóbi Àjàyí ló dá Nord sílẹ̀, òun náà sì ń jáde sọ̀rọ̀ fún ọkọ̀ rẹ̀.

ẸNU ÌGBORO

Ṣé o mọ̀ pé kò sí ilé-iṣẹ́ apolówó kankan tó sọ Camry kan ní Orobo? Ìgboro ló sọ ọ́. Ìgboro ló sọ òmíràn ní Pencil Light, tó sì sọ Honda Accord kan ní End of Discussion. Orúkọ wọ̀nyí lágbára ju èyí tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ. Bí o bá dé ṣọ́ọ̀bù páàtì, tí o bá ní iná iwájú Pencil Light lo fẹ́, ọmọ ọjà ti mọ ọdún rẹ̀, yóò sì gbé e fún ọ láìbéèrè. Mẹkáníìkì, awakọ̀ àti alápáàtì ni agbẹnusọ tí ẹnikẹ́ni kò sanwó fún, ọ̀rọ̀ wọn ló sì ń pinnu iye tí wọn yóò ra ọkọ̀ rẹ lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ tà á.

ÒFIN

Ṣé o mọ̀ pé láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ARCON, àjọ tó ń ṣàkóso ìpolówó ní Nàìjíríà, ti fòfin de lílo ojú àti ohùn àwọn ará òkèèrè nínú ìpolówó tí wọ́n bá fẹ́ gbé jáde nílẹ̀ wa? Ó tọ́, ó sì yẹ. Àwọn òṣèré wa yóò rí iṣẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ó gbé ẹrù lé wọn lórí pẹ̀lú. Ará ilé ni wọ́n; àwa tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ ni a óò jọ pàdé ní ilé ìjọsìn, lóde ìnáwó àti nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Mo rọ gbogbo òṣèré àti olórin tí wọ́n bá fi àdéhùn ọkọ̀ lọ̀: wa ọkọ̀ náà fún oṣù díẹ̀, béèrè ibi tí páàtì rẹ̀ wà, kó o tó fi ojú rẹ tì í lẹ́yìn.

Ṣé o mọ̀ pé òfin tó dá FCCPC, àjọ tó ń gbèjà ẹ̀tọ́ oníbàárà, sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní òfin ọdún 2018, ka irọ́ àti ẹ̀tàn nínú ìpolówó sí ẹ̀ṣẹ̀? Ohun tí wọ́n bá sọ nípa ọjà, wọ́n gbọ́dọ̀ lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ ra ọkọ̀, gé ìpolówó náà pamọ́, tàbí kó o ya àwòrán rẹ̀ sínú fóònù. Ní kí wọ́n kọ ọdún tàbí kìlómítà tí wọ́n fi ṣe onídùúró sórí ìwé, kí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ sì buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn náà, gba Trade Fair lọ, kó o béèrè iye tí wọ́n ń ta bíréèkì, iná iwájú àti ṣọ́kì rẹ̀, kó o tó san kọ́bọ̀. Ọ̀gá tó bá nígbàgbọ́ nínú ọjà rẹ̀ kò ní kọ̀ láti buwọ́ lù ú. Èyí tó bá kọ̀, má ṣe fún un lówó rẹ, bó ti wù kí ojú tó wà lórí pátákó rẹ̀ lẹ́wà tó.